Ògiri Yàrá Ìyá Wa ní Ìbẹfún

Sìmẹ́ńtì tí Mọ́ṣádé fi rẹ́ ògiri amọ̀ yàrá ìyá rẹ̀ kò lo oṣù méjì. Ó ṣí bí èèpo iṣu sísè, ó sì fa ìdajì ògiri náà lulẹ̀. Yàrá yẹn ni ìyá wọn bí ọmọ mẹ́fà sí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Walter, ẹ̀gbọ́n Mọ́ṣádé, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Odógbolú, wá wò ó.

"Ṣé o rí i? Mo fún ẹ ní oṣù kan. Bí ògiri yìí ò bá dúró, katapílà máa wó gbogbo ilé yìí, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun."

Mọ́ṣádé gba ọ̀dọ̀ Fáyọ̀kẹ́ lọ, àbúrò bàbá wọn obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló rán ẹ ní sìmẹ́ńtì? Amọ̀ la fi ń tún amọ̀ ṣe. Pe àwọn ìyàwó ilé wá."

Wọ́n wa ilẹ̀ pupa, wọ́n bu omi sí i, wọ́n ká ìró dé orúnkún, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ Bísí, ọ̀kan nínú wọn, yọ̀, ó jókòó pẹ̀ẹ̀ sínú amọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí wọ́n bá mọ ipele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e.

Ọjọ́ pé. Walter dé pẹ̀lú búbá funfun, ó fi èjìká ti ògiri. Kò mì. Ó tún tì í. Amọ̀ tí wọ́n fi pa ojú ògiri láàárọ̀ nìkan ló kó sí i láṣọ.

"Bọ̀dá Walter, ṣé ẹ ti tì í tán?" Mọ́ṣádé bi í.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Walter. "Ó dúró. Kò sí katapílà mọ́. Yàrá wo wá ni tèmi?"

"Tìẹ kẹ̀?" ni Fáyọ̀kẹ́ wí. "Ẹni tí kò bá tẹ amọ̀ kì í ní yàrá nílé yìí. Bàbá rẹ náà tẹ̀ ẹ́. Ògiri ilé ìdáná ṣì kù."

"Màmá, ṣòkòtò mi ńkọ́?"

"Ọkọ wa, ẹ bọ́ ọ!" ni àwọn ìyàwó ilé pariwo.

Walter ká ṣòkòtò, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ amọ̀, ó sì kígbe: "Yéè! Ó tutù!"

"Tẹ̀ ẹ́," ni ìyá àgbà wí.