Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ti Bá Mi Dúpẹ́ Rẹ̀

…kí àwọn ẹbí Màmá sì máa fi ọwọ́ ẹja ra gíláàsì ọkọ̀ mi báyìí. Ìdúpẹ́ lánàá, ìdúpẹ́ lónìí. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Mo jókòó sídìí ọkọ̀ ara mi níwájú ilé ìyá mi ní Ìpakodò, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, n kò sì lè ṣáná sí i. Ọkọ̀ ara mi… àbí ti ta ni?

Ìjọba ló fà á. Wọ́n jókòó sábẹ́ fáànù, wọ́n ní ẹni tó bá ní ọkọ̀ olówó ńlá kan, kó san owó orí. Ẹni tó bá ra èkejì, kó san ìlọ́po méjì. Wọ́n tún wá ní ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, ti olówó ni òun náà. Ojúkòkòrò. Mo ti ní jíìpù, eléyìí tí mo rà yìí sì ni èkejì. Ṣé kí n wá máa bọ́ àwọn ọ̀lẹ torí pé mo fẹ́ gbé ìyàwó mi lọ sùn létí òkun? Dùnsìn ní kí n san án kí ọkàn wa balẹ̀. Ẹ̀rù ìjọba ń bà á bí ẹni pé ìjọba ló gbé e níyàwó.

Màmá kò ní ọkọ̀ kankan. Ta ni yóò yọ arúgbó lẹ́nu? Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ọkọ̀ náà, ó tẹ̀ka. Ó parí. Ọgbọ́n nìyẹn. Àwọn tó ń ra gíláàsì mi yìí kò lè gbọ́n ọn láéláé.

Àfi ti Bàbá Ọláògún, àbúrò Màmá, tí kò níṣẹ́ kan ju ọ̀rọ̀ ẹbí lọ. Bí a ṣe dé láti Ẹ̀pẹ́, òun ni mo bá ní pálọ̀. Màmá ní kí n tún ohun tí mo sọ fún òun lọ́nà sọ. Kí ni mo sọ? Ohun tí èèyàn ń sọ fún ìyá tí wọ́n ń mú lọ tẹ̀ka. "Ẹ̀bùn yín ni, Màmá." Mo tún un sọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, kí ló kàn mí? Bàbá Ọláògún bá mi dúpẹ́, ó ṣàdúrà, mo sì ṣe àmín… Àmín ni mo ṣe. Òmùgọ̀.

Torí àwọn èèyàn yìí, bí wọ́n bá ti bá ọ dúpẹ́ ẹ̀bùn, o ò lè gbà á padà mọ́. Títí dé ọmọ ọmọ rẹ ni wọn yóò máa fi bú. Fàósátù ọmọ Bàbá Ọláògún ti bọ́ bàtà, ó ti nà gbalaja lẹ́yìn mi lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó mi kò tíì fẹ̀yìn kàn. Màmá fúnra rẹ̀ ní òun yóò máa gbé ọkọ̀ *òun* lọ kí ẹbí ní Ìmọ̀ta. Arúgbó tí kò mọ ohun tó ń lọ. Arúgbó tí…

Dúró ná.

Ní ọ́fíìsì yẹn, mo wà lórí fóònù, àmọ́ mo gbọ́. Ó bi ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé pé, "Tó bá jẹ́ orúkọ Oríyọmí ọmọ mi yìí ni wọ́n kọ sí i ńkọ́, ṣé owó orí ẹ̀ á pọ̀?" Ọmọbìnrin náà ní á pọ̀ gan-an, mà. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ka.

Lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ṣáájú.

Bí a ṣe ń bọ̀ ló pe Bàbá Ọláògún pé kó wá dúró dè wá nílé. Mo gbọ́ ìyẹn náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n ń sọ. Obìnrin tó ń fi ojú lásán mọ ẹja àná lọ́jà Ẹ̀pẹ́ — òun ni mo fẹ́ tàn.

Ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì… Aṣọ ọdún rẹ̀, Dùnsìn ló rà á. Owó oúnjẹ, Dùnsìn ní í fi ránṣẹ́. Kí ni èmi, ọmọ tó bí, ti fún un rí? Mo ń wá a… n kò rí i.

N kò tàn án jẹ. Ó jẹ́ kí n rò pé mo tan òun ni, torí ó mọ̀ pé tí òun bá ń retí ọjọ́ tí ọmọ òun yóò fún òun ní nǹkan láti ọkàn rẹ̀ wá, ikú ni yóò kọ́kọ́ dé.