Apá Ọ̀tún Ìyá Aránṣọ

Àwọn tí mò ń tọ́jú sọ mí ní Ìyá Fúnpinpin. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Iṣẹ́ fisió ni mò ń ṣe. Omi tó bá há sí apá àwọn obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún ni mo máa ń fọwọ́ darí jáde, lẹ́yìn náà màá wá nǹkan tó fún dáadáa wọ̀ wọ́n kó má baà padà. Kò sí ariwo nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Ìyá Aránṣọ wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àlùmọ́gàjí kan nínú báàgì. Kò tíì kí mi tán tó fi yọ àlùmọ́gàjí náà síta. Ó fẹ́ ti àtàǹpàkò ọ̀tún bọ ihò rẹ̀. Kò wọ̀.

"Dókítà, èyí nìkan ni mo bá wá. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi gé aṣọ."

"Mi ì í ṣe dókítà, mà."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó wọ̀."

Ọmọ rẹ̀ ló ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. "Bí ẹni ń gé koríko ló ṣe ń gé e," ni ìyá wí, níṣojú ọmọ. Oníbàárà mẹ́ta ti kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn.

Láti ọrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń fọwọ́ pa awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mò ń darí omi lọ sí abíyá kejì.

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?" ló bi mí. Gbogbo wọn ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi fọwọ́ pa apá náà, tí mo fi ń fi báńdéèjì dì í. Lójú téèpù, ìgbọ̀nwọ́ fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin dínkù. Àtàǹpàkò wọ ihò àlùmọ́gàjí dé ìdajì, inú wa sì dùn. Mo wá fún un ní ìbọ̀wọ́ gígùn, èyí tó ti ìdí ìka dé abíyá.

"Lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́, mà. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn nìkan ni kẹ́ ẹ bọ́ ọ."

Ó fi ìka méjì fà á wò, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò. "Ta ló rán eléyìí? Ọ̀tá ni."

Nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, apá ti tún wú. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ó gbé ẹrù ni? Rárá. Ṣé abẹ́rẹ́ gún un? Rárá. Ṣé ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́?

"Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mi ò bọ́ ọ."

Òótọ́ ló sọ. Mo mú ìbọ̀wọ́ náà lọ sójú fèrèsé, mo yí inú rẹ̀ síta. Ó ti tú ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi aṣọ rírọ̀ tó fẹ̀ tó ìka méjì bọ̀ ọ́ láàárín, ó sì rán an padà. Ọwọ́ òsì ló fi ṣe é, iṣẹ́ náà sì mọ́ ju ti ẹni tó kọ́kọ́ rán an lọ.

Inú bí mi. "Háà! Mà, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ó ń fún mi."

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fún yín!"

"Aṣọ tó bá ń fún èèyàn, aránṣọ ló jẹ̀bi."

"Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mà!"

Kò bínú. Ó ní, "Ó dáa. Ìgbà wo gan-an ni màá bọ́ ọ kúrò? Mo ti ń ka ọ̀sẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀, mo sì ti sọ pé lójoojúmọ́. Mi ò sọ títí dìgbà wo. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn: màá máa wo téèpù, màá dákẹ́ lórí ìyókù.

"Títí ayé ni, mà. A lè mú un kéré. Kò ní bá ti òsì dọ́gba mọ́."

Ó wo apá náà. "Aránṣọ tí apá aṣọ rẹ̀ méjèèjì ò bá dọ́gba, kó yáa ti ṣọ́ọ̀bù." Ó wí i jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ọmọ rẹ̀ náà bú sẹ́kún. Èmi dúró pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. Ojú tì mí.

"Ẹ má bínú, mà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní."

A tún bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Báńdéèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà ìbọ̀wọ́ tuntun. Kò bú ẹni tó rán eléyìí, àìbú náà sì ń dùn mí.

Lẹ́yìn oṣù méjì, òun nìkan ló wá, nínú aṣọ búlúù tuntun. Ìbọ̀wọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tú u. Mo na ọwọ́ sí téèpù.

"Ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ."

Mo wò ó. Apá ọ̀tún aṣọ náà fi ìka méjì fẹ̀ ju ti òsì lọ. Kò fi í pamọ́, òwú funfun ló fi rán etí rẹ̀ yí ká.

"Ta ló gé e?"

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Àmì ihò àlùmọ́gàjí ṣì hàn yípo ìdí àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ó fún pinpin," ló wí, "àmọ́ ó wọ̀."