Ìdọ̀bálẹ̀ Orí Bẹ́ẹ̀dì

Ká ní ẹnìkan sọ fún Dúrótoyè tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ lásán ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí òun, ẹ̀rín ni ì bá fi onítọ̀hún rín. Ṣùgbọ́n ọdún kòrónà kì í ṣe ọdún tí èèyàn ń fi nǹkan rẹ́rìn-ín. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n sọ di ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Ọ̀tà ni ọ̀rọ̀ náà ti bá a, lórí bẹ́ẹ̀dì onírin kan, pẹ̀lú rọ́bà ọ́síjìn nímú.

Ruqoyah ni orúkọ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọge pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, aṣọ ọ̀rá funfun sì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí lẹ́yìn gíláàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wo ohun kékeré tí wọ́n há mọ́ Dúrótoyè níka, èyí tó máa ń sọ bóyá atẹ́gùn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ó mi orí.

"Bàbá, ó tún ti lọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà, kí ẹ fi àyà àti ikùn lé bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó máa jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró yín ráyè."

Dúrótoyè wò ó tìyanu-tìyanu. "Bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, sà."

"Ta ni mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún?"

Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀gá sì ni nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àga oníke ní Sango. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni pé ọkùnrin kì í kàn ṣàdédé na ara sílẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀, ó sì gbà pé òun ti ṣe ìwọ̀n tó yẹ láyé. Kí ọmọ tó ṣeé ṣe kí àkọ́bí òun jù lọ wá ní kí òun na gbalaja, èyí kò yé e rárá.

Ohun tó tún burú ni Akíndé. Àwọn aláìsàn ti pọ̀ ju àyè lọ, ni wọ́n bá to bẹ́ẹ̀dì ní orí sí orí, ọ̀nà tóóró kan ló là wọ́n láàárín. Ẹni tí orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ kọjú sí ti Dúrótoyè ni Akíndé yìí, ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Sango. Kò tíì pẹ́ tí Akíndé na gbalaja fún un lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lé òun nítorí pé òun pẹ́ dé. Bí Dúrótoyè bá wá dojú bolẹ̀ báyìí, ojú Akíndé ni yóò máa wò. Ìròyìn náà á dé Sango kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Mo lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀," ló wí.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò ṣe é láǹfààní kan.

Dókítà dé, oorun ń kùn ún, ó sì la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí èémí rẹ̀ kò bá dáa sí i kí ọjọ́ tó rọ̀, ọkọ̀ á gbé e lọ sí Èkó, níbi tí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé lọ kẹ́yìn, ńṣe ni wọ́n ń gbé e kiri, kò sí ilé ìwòsàn tó láyè. Ẹ̀rù ba Dúrótoyè. Ó mọ̀ pé òun lè kú. Síbẹ̀, bó bá ti fẹ́ yí ara padà, á rí Akíndé lókè lọ́hùn-ún tó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, agídí á sì tún gbé e.

Ruqoyah kò bínú, kò sì jágbe mọ́ ọn. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó fún un lómi mu díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ikọ́ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó jọ̀ọ́ kó yá òun ní fóònù rẹ̀, òun fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Ó gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ohun tí Dúrótoyè gbọ́ kò ju pé, "Háà, wọ́n wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?" lọ, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín.

Nígbà tó padà dé, ó bọ́ sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ó na fóònù náà sí i lọ́gangan orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹnìkan fẹ́ kí yín, sà."

Dúrótoyè gbójú sókè, ó rí ìyá ìyàwó rẹ̀.

Adó-Odò ni Màmá Ẹfúnkẹ́ ń gbé, àmọ́ nínú fóònù yìí, orí àga Dúrótoyè ni wọ́n jókòó sí, nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìjù, gèlè funfun lórí wọn. Kò mọ̀ pé wọ́n ti wá. Ìgbà tí wọ́n ríra gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn rẹ̀, níbi tí Màmá ti sọ lójú gbogbo èèyàn pé Fẹ́yìsetán, ọmọ àwọn, ti rù nílé ọkọ. Dúrótoyè jáde tòun ti ìrẹsì lẹ́nu. Láti ìgbà náà, kò tẹ ilẹ̀ Adó-Odò mọ́, bí wọ́n bá sì pè é, á ní òun wà níbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àna ni wọ́n. Kí ọkàn rẹ̀ tó dábàá ohunkóhun, ara rẹ̀ ti yí. Ruqoyah yára di rọ́bà ọ́síjìn mú kó má baà yọ. Dúrótoyè na gbalaja, ó fi àgbọ̀n lé ìrọ̀rí.

"Ẹ kú ilé, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

"Bàbá Dámiláre, kú àìlera o," ni Màmá wí. "O kú ìrọ́jú. O kú ìdààmú."

Ó ń retí kí wọ́n ní kó dìde, bí àgbàlagbà gbogbo ti máa ń ṣe. Màmá kò ní kó dìde. Àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọmọ, wọ́n gbàdúrà fún nọ́ọ̀sì àti ẹni tó máa fẹ́ ẹ. Wọ́n béèrè ta ló ń húkọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n sì gbàdúrà fún Akíndé náà. Akíndé ṣe àmín kíkankíkan.

Àdúrà parí. Dúrótoyè tún retí.

"Àga tí ẹ ń ṣe yẹn," ni Màmá ń bá a lọ, "kí ló dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lágbára? Mo kàn jókòó lé ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ló bá gbé mi dà nù." Wọ́n ròyìn bí wọ́n ṣe ṣubú àti àwọn tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò ní Adó-Odò, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ nù. Ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu wọn.

"Màmá," ni Dúrótoyè wí níkẹyìn, "ẹ ò tíì ní kí n dìde o."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ti sọ fún yín."

"Nọ́ọ̀sì sọ fún Fẹ́yìsetán, òun ló sọ fún mi. Wọ́n ní bí o bá ṣe pẹ́ nílẹ̀ tó ni ìwọ yóò ṣe mí tó. Mi ò ní ní kí o dìde." Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn kò dáa. Ẹnu mi yá jù. Ṣùgbọ́n mi ò bí ọkùnrin, Bàbá Dámiláre. Ìwọ ni mo ní. Wà níbẹ̀ kí o máa mí."

Omi bọ́ lójú Dúrótoyè. Ó gbìyànjú láti gbé e pamọ́, kò ṣeé ṣe, ìrọ̀rí ti tutù. Kò mọ̀ pé òun ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Ó rántí pé Akíndé wà lọ́ọ̀ọ́kán, ojú sì tì í.

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Akíndé wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ògiri ni mo kọjú sí."

Lóòótọ́, ó ti yíjú sí ògiri.

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, Màmá ń sọ̀rọ̀, Dúrótoyè ń dáhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ohùn Ruqoyah dún nítòsí orí rẹ̀. "Ó ti ń gòkè, sà. Bí ẹ bá lè wà bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò rò pé ẹ máa dé Èkó."

Ìgbà yẹn ni Dúrótoyè tó wo ẹ̀yìn fóònù. Kò sí tábìlì níbẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n gbé e tì. Orí ìkúnlẹ̀ ni Ruqoyah wà, lórí sìmẹ́ǹtì, láàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. Ó ti kúnlẹ̀ kí Màmá látìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dìde mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú kó lè ṣe déédéé ojú rẹ̀. Òógùn ti bo gíláàsì ojú rẹ̀ débi pé kò dájú pé ó ń ríran.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Dúrótoyè wọ ibẹ̀, kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo dúpẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Mo dúpẹ́ gan-an." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí fóònù. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí, kó dìde. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ látàárọ̀."

"Yéè," ni Màmá wí. "Dìde, ìyá mi. Dìde, o ṣeun."

Ruqoyah di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó dìde, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Dúrótoyè ní tirẹ̀ gbé fóònù ti ìrọ̀rí, ó tún ara tẹ́ dáadáa, ó sì ní kí Màmá máa bá ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn lọ.