Òbúkọ Tó Gba Ìjọba Mi Là

Ẹ gbé oúnjẹ yẹn sílẹ̀ ná. Àlá tí mo lá lóru àná, bí mo bá dà á sínú odò, odò yóò kún àkúnya. Wọ́n fi mí jẹ olórí ìjọba, èyí tí àwọn tó kàwé ń pè ní puráímù mínísítà, èmi Láṣebìkan tí n kò ka ìwé mẹ́fà tán.

Ilé aṣòfin ń fò lókè Ìdànrè bí àwòdì, okùn ìfami ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó, àga mi ní, "Ẹ rọra, bàbá. Àbí ẹ rò pé ẹ̀yin lọba ni?"

Mo ní kí ni ìyàtọ̀.

Kábíyèsí tó jókòó sórí ìkúukùu ló dá mi lóhùn. "Èmi ń jọba, ìwọ ń ṣe ìjọba. Kò sẹ́ni tó ń dìbò sí adé mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú aṣòfin kò bá fọkàn tán ọ mọ́, ilé yá."

"Kábíyèsí, ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Òní ni."

Inú mi dùn pé wọ́n tètè sọ fún mi.

Olúgbódi, olórí alátakò, dìde. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé Àkúrẹ́. Ó ní, "Ọ̀nà tí o ṣèlérí dà?" Mo ní ó wà lápò mi. Mo yọ ọ̀nà náà, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní, ọ̀pọ̀ aṣòfin sì bá ọkọ̀ gba orí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Olórí ilé ní kí a dìbò: ẹni tó bá fọkàn tán mi kó wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí kò bá fọkàn tán mi kó wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbò méjèèjì dọ́gba. Ó wá ku Olúgbódi nìkan. Àga mi ti ń kó ẹrù mi síta.

Olúgbódi rẹ́rìn-ín sí mi. Níbi tó ti ń la ẹnu ni ìwo ti yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. "Kọ́" há sí i lọ́fun.

"Bẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀," ló wí.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni olórí ilé wí. "Alátakò fọkàn tán ìjọba."

Gbogbo òkè Ìdànrè dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Pàtẹ́wọ́ yẹn ló jí mi. Àṣé ìyàwó mi ló ń fi lé òbúkọ wa kúrò nídìí èlùbọ́.

"Bàbá Ìbídùn," ló wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ ò ti ilẹ̀kùn lálẹ́ àná?"

Mo la ẹnu láti wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Òbúkọ wò mí lójú, èlùbọ́ kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀," ló wí.