Kò Sí Àyípadà Kankan

Ó ti rẹ Akọ̀wé. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ẹrù wo ló gbé. Ẹ lọ jókòó ti ọgọ́rin fáìlì ní ilé àtìmọ́lé àwọn àjèjì tó wá sá di ìlú, kí n wo bí ọrùn yín ò ṣe ní wọ́. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, òfin ní kí wọ́n bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè bí nǹkan ṣe rí fún un, kí wọ́n sì tún un wò bóyá ó yẹ kó ṣì wà níbẹ̀. Akọ̀wé kì í bi ẹnikẹ́ni. Ìwé oṣù tó kọjá ló máa ń dà kọ: "Kò sí àyípadà kankan. Ó lè sá lọ. Kó ṣì wà ní àtìmọ́lé." Á yí déètì padà, á lu òǹtẹ̀, ó bùṣe. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Lọ́yà ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kápíńtà, tó ti lo oṣù méje níbẹ̀, pẹjọ́ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Adájọ́ ní kí ẹni tó ń kọ ìwé wá.

"Tí wọ́n bá bi ẹ́," Ọ̀gá wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, "sọ pé o máa ń bi àwọn àjèjì yẹn léèrè. Àbí iṣẹ́ ti sú ẹ ni?"

"Rárá o, sà." Ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yìn ríro ò sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní kóòtù, Lọ́yà dìde. "Olúwa mi, àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣàdéhùn, tiwa náà tọwọ́ bọ̀ ọ́: a ò gbọ́dọ̀ ti èèyàn mọ́lé kìkì nítorí pé ó wá sá di wá. Tó bá tiẹ̀ di dandan, ká yẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wò lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwé oṣù kẹrin."

Adájọ́ kà á sókè: "'Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà. Kò sí àyípadà kankan.'"

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Háà! Ojú oorun ni Akọ̀wé fi da fáìlì obìnrin kan kọ sínú ti Kápíńtà lọ́jọ́ náà. Kápíńtà, tirùngbọ̀n-tirùngbọ̀n, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Adájọ́ kọjú sí Akọ̀wé. "Ìyáàfin, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti bi ọkùnrin yìí léèrè ọ̀rọ̀?"

Akọ̀wé wo Ọ̀gá. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìyẹn ń wò. Ìtìjú bo Akọ̀wé.

"Olúwa mi, mi ò bi í rí. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú."

Adájọ́ ní kí wọ́n tú Kápíńtà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé ọ́fíìsì, Ọ̀gá ju létà sórí tábìlì Akọ̀wé: kó parí ìwé oṣù yìí, kó máa lọ sílé pátápátá.

Ó ku fáìlì mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Akọ̀wé mú ti òkè pátápátá, ó mú bírò, ó sì gba ọ̀nà yàrá àwọn tó wà ní àtìmọ́lé lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá arúgbó kan ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ káàsán, sà. Mo ní kí n béèrè bí nǹkan ṣe rí fún yín ni."

Bàbá fa báàgì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà níbí. Ẹni tí wọ́n bá ti wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú wa, wọ́n fẹ́ dá a padà nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ pa mí ni ẹ ń mú mi lọ, àbí?"

Akọ̀wé jókòó tì í, ó bú sẹ́kún.

Bàbá fi báàgì sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Mi ò bínú sí ẹ. Akọ̀wé tó ń kọ ìwé wa lóṣooṣù yẹn ni mo fẹ́ fojú kàn."