Ikọ́ Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí Títílayọ̀ bá fi máa ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta léèsì ní Balógun dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Síbẹ̀, àwọn ọmọ á ti jókòó dè é nínú agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, torí òun ló ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ há, ó wá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan ti ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì kan tó ń lò. Ọkùnrin náà á kà, àwọn ọmọ á wo ìwé, wọ́n á kà tẹ̀lé e. Títílayọ̀ á na ẹsẹ̀.

Hàwáwù, ìyá Basheerah tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ló ń ra bátìrì. Ó ti sọ pé bí ọmọ náà kò bá mọ ìwé kà títí ìsinmi yóò fi dé, yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀, yóò wá máa bá òun tajà ní Ìdúmọ̀tà.

Lọ́jọ́ tí Hàwáwù wá wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń kàwé, bátìrì ti kú.

"Ẹ fi rédíò sílẹ̀, Àǹtí," ni Hàwáwù wí. "Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ohùn ọmọ mi. Basheerah, kà á."

Basheerah ṣí ìwé, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń kà, kò ṣì í. Láàárín ojú ewé, ó dúró, ó wúkọ́, ó tún ń kà lọ.

"Ṣé òtútù mú un ni?" ni Hàwáwù béèrè.

Títílayọ̀ mọ ikọ́ náà. Ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń wúkọ́ níbẹ̀. Ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀ ìwé. "Ka èyí."

Basheerah wo òrùlé. "Àǹtí, mi ò tíì débẹ̀."

Hàwáwù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó há a sórí ni. Bí èmi náà ṣe ka kéwú nìyẹn. Wọ́n ṣe wòlímọ̀ ìparí kéwú fún mi, síbẹ̀ ẹ má fi ìka lé nǹkan kan fún mi o." Ojú rẹ̀ yí padà. "Kò mọ̀wé kà, àbí?"

"Kò tíì mọ̀ ọ́n."

"Ó di Ìdúmọ̀tà nìyẹn."

"Ìsinmi ò tíì dé. Ẹ ra bátìrì wá."

"Kó lè kọ́ ikọ́ míì?"

"Ohùn tirẹ̀ la máa gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, lé orí ti ọkùnrin yẹn. Láti ìsàlẹ̀ ìwé lọ sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò ṣe é há sórí. Bí ìsinmi bá dé, kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ."

Hàwáwù dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ pé, "Kí ọkùnrin yẹn lọ mu àgbo ikọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Basheerah mú bátìrì wá. Títílayọ̀ kò na ẹsẹ̀. Ó jókòó tì í, ó tẹ rédíò kó máa gbohùn, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ó pẹ́ tó jẹ́ pé ariwo àdúgbò nìkan ni rédíò ń gbà. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà kà á, jẹ́jẹ́.

"Òmíràn," ni Títílayọ̀ wí.