Eéwo àti Èèwọ̀

"Fá a, àbúrò. Má jẹ́ kí n tún un sọ."

Sájẹ́ǹtì Chong Lim na abẹ sí Hock Tee lójú gbogbo wa, àwa tí à ń fínnúfíndọ̀ ṣe ọmọ ogun ọba, lórí pápá etí òkun Malacca. Hock Tee fọwọ́ bo àgbọ̀n. Erùpẹ̀ sàréè bàbá rẹ̀ kò tíì gbẹ, òun sì ni àkọ́bí. Ní ilé àwa ọmọ Ṣáínà ìlú Malacca, àkọ́bí kì í fárùngbọ̀n títí ọ̀fọ̀ yóò fi tán. Òun náà ló ń gbé ìrẹsì síwájú pẹpẹ bàbá lójoojúmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin náà ṣọ̀fọ̀ lọ́jọ́sí. Ẹ jọ òbúkọ, a ò sì fi yín ṣẹlẹ́yà."

Ẹ̀rín bú sẹ́yìn. Ojú ti sájẹ́ǹtì. "Mi ò tíì wọṣẹ́ ọba nígbà yẹn."

Pargeter, òyìnbó olóko rọ́bà tó jẹ́ ọ̀gá wa, rìn wá.

"Èèwọ̀ ilé wọn ni, ọ̀gá," ni sájẹ́ǹtì wí.

Òyìnbó ṣí ìwé òfin. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fárùngbọ̀n, àfi ẹni tí dókítà bá kọ̀wé fún. Irùngbọ̀n pupa kún àgbọ̀n òun fúnra rẹ̀ bámúbámú. Eéwo ló sọ ọ́ níbẹ̀, dókítà sì ti kọ̀wé. Òfin mọ eéwo, kò mọ èèwọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, nígbà náà," ni Hock Tee wí. " Fínnúfíndọ̀ la sáà fi wọ̀ ọ́."

"Ìwọlé nìkan ni fínnúfíndọ̀," sájẹ́ǹtì rọra dá a lóhùn. "Ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí ìjáde, kò sì ní fọwọ́ sí i kí gómìnà tó wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Bí o bá kọ̀, àtìmọ́lé ni. Ta ni yóò wá gbé ìrẹsì fún bàbá?"

Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ìbọn wà léjìká Hock Tee. Èkù wà lọ́wọ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó gba abẹ. Ó fá a gbígbẹ, láìlómi, láìlọ́ṣẹ.

"Ó mọ́ wàyí," ni Pargeter wí, ó sì ń họ eéwo rẹ̀.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ti bu ìrẹsì àti ẹja sínú abọ́. Hock Tee na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán.

"Ìyá, wọn ì bá tì mí mọ́lé. Torí kí n lè gbé abọ́ yìí ni mo ṣe gbà."

Ìyá fa abọ́ sẹ́yìn. Ìyàwó Hock Tee tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló kọjú sí.

"Bek Neo, bá mi pe àbúrò ọkọ rẹ. Sọ fún un pé òun ni àkọ́bí báyìí."